Bí Gìtá Bá Ń Kùn Bí Oyin

Ọ̀rọ̀ gìtá oníná la mú wá lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ó ti wọ ìjọ, ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́, kò sì sí ohun tó ń dójú ti olórin tó kí gìtá rẹ̀ máa kùn "hùùùn" nígbà tí àlùfáà ń gbàdúrà.

Iná ìjọba tiwa níbí a máa lọ, a máa bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Abẹ́ okùn gìtá ni mágínẹ́ẹ̀tì wà, tí a fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Wáyà tó ń gbọ́ ohùn okùn yìí náà ló ń gbọ́ ariwo iná. Ìdí nìyí tí Seth Lover, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà, fi ṣe irú mìíràn ní 1955, tó ní wáyà wíwé méjì tí ọ̀kan ń pa kíkùn èkejì. Bí tiyín bá jẹ́ ẹlẹ́yọ kan, ẹ yíjú síbòmíràn, kí ẹ sì jìnnà sí ọ̀pá iná funfun. Ìwòsàn ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà gígùn tó so gìtá mọ́ ẹ̀rọ. Wáyà tí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní ṣàìjẹ̀bi! Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ kan okùn gìtá. Bí ariwo bá rọlẹ̀, wáyà ilẹ̀ inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ara yín gan-an ló ń kó kíkùn wá. Ẹ fi bàbà pẹlẹbẹ tẹ́ inú ihò tí àwọn wáyà wà, kí ẹ sì so bàbà náà mọ́ wáyà ilẹ̀. Bí kò bá yí padà rárá, ó jọ pé wáyà tó lọ sí irin tí okùn jókòó lé ti já, tàbí òjé tí a fi jó o ti tú. Bó bá tún ń pọ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tún un ṣe gbẹ̀yìn ti gbé wáyà méjèèjì tó wà lẹ́nu ihò fún ara wọn.

Ẹ yọ gìtá kúrò lára ẹ̀rọ kí ẹ tó tú u. Ẹ ha ojú irin náà mọ́, kí ẹ jẹ́ kí irin fúnra rẹ̀ gbóná tó láti yọ́ òjé.

Ẹ wá gbọ́ o. Àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ kúrò lára púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ náà, kíkùn á sì dákẹ́ nígbà mìíràn. Ẹ̀yin ará, ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe. Okùn gìtá àti ara irin ẹ̀rọ náà, ọ̀kan ni wọ́n. Bí iná bá jò sára irin náà, tí kò rí ọ̀nà ilẹ̀, ara olórin ni yóò gbà kọjá, pàápàá bí ẹnu rẹ̀ bá kan makirofóònù. Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, kú lórí pèpéle ní Swansea, ní Wales, ní 1972, nígbà tó fọwọ́ kan makirofóònù tí kò ní wáyà ilẹ̀.

Inú ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ẹ má tú u. Iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa á. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣe ìsìn, ẹ bi oníná yín bóyá ó ti ri ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ fún un.