Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Kọ̀ǹpútà Tí Ń Sọ̀rọ̀, àti Ọwọ́ Ẹni Tí Ó Ni Í

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí bàálé rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún púpọ̀. Àìsàn ojú tí a ń pè ní glaucoma ti gba ìríran bàbá náà, èyí tí àìsàn yìí bá sì ti gbà lọ kì í padà mọ́. Àwọn ọmọ wọn ra kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́, wọ́n sì wí pé yóò máa bá bàbá sọ̀rọ̀. Oṣù méjì nìyí tí ó ti wà nínú páálí. Ìyá náà béèrè pé: "Ta ni yóò máa bá wọn lò ó?"

Ìbéèrè yìí wọ̀ wá lọ́kàn, nítorí pé irú rẹ̀ ni àwa pẹ̀lú bi ara wa nígbà kan rí. Ìdáhùn wa kúrú: bàbá tìkára wọn ni yóò lò ó.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Ní ìgbà tí ojú ẹ̀gbọ́n wa kan fọ́, tí a sì ra kọ̀ǹpútà fún un, àwa ni a tú u, àwa ni a tò ó, àwa ni a sì ń fa ọwọ́ rẹ̀ láti orí bọ́tìnì kan dé òmíràn. Bí ó bá ṣì í tẹ̀, a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì bá a ṣe é. Kò pé oṣù kan tí ó fi wí pé òun kò fẹ́ mọ́. Àwa rò pé iṣẹ́ náà ni ó le jù fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí òun náà kò ríran, ni ó bẹ̀ wá wò, tí ó sì fi ìtẹríba wí fún wa pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó sí ẹ̀yìn wọn, kí ẹ sì káwọ́ lẹ́rán." Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà.

Ètò kan ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà tí ń ka ohun tí a kọ sí ojú rẹ̀ sókè. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní akàwé. Ẹni tí ń ríran a máa wo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n akàwé a máa sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí ènìyàn bá dé ni ó sì ń dárúkọ. Nítorí náà ẹ gbé máòsì sí apá kan. Kíbọ́ọ̀dù ni ọ̀nà.

Kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows ní akàwé tirẹ̀ nínú, Narrator ni orúkọ rẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ Apple ní VoiceOver. A kò san owó kún owó láti lò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni NVDA, tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì fún Windows. Michael Curran, afọ́jú kan ní ilẹ̀ Australia, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2006. James Teh, tí òun náà jẹ́ afọ́jú, sì bá a ṣiṣẹ́ náà. Afọ́jú ni ó ṣe é fún afọ́jú.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kí a tó tan ohunkóhun, kí bàbá fi ọwọ́ tọ́ kíbọ́ọ̀dù wò. Kí wọn wá bọ́tìnì méjì tí ìlà kékeré yọ sókè ní ara wọn: F ni ti òsì, J ni ti ọ̀tún. Ibẹ̀ ni ìka ìfábẹ̀lá méjèèjì yóò máa padà sí. Àwọn ni òpó ilé. Láti ìdí wọn ni a ti ń mọ ọ̀nà yàrá yòókù.

Lẹ́yìn èyí, kí wọn tan án. Bí ó bá jẹ́ Windows, kí wọn tẹ Ctrl àti bọ́tìnì Windows mọ́lẹ̀ pọ̀, kí wọn sì tẹ Enter: ohùn yóò dáhùn. Ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pàápàá, nígbà tí kọ̀ǹpútà tuntun ń béèrè èdè àti orílẹ̀-èdè ẹni. Lórí ti Apple, Command àti F5 ni. Lórí òmíràn a ó fi Fn kún un. Lórí Windows, bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ jù, kí wọn tẹ Ctrl nìkan, akàwé yóò sì dákẹ́.

Tab ń mú ni lọ síwájú láti ohun kan dé òmíràn. Shift pẹ̀lú Tab ń dá ni padà. Bọ́tìnì ọfà mẹ́rin ni a fi ń rìn nínú ìwé. Enter ni "ó yá". Escape ni "mo yí ọkàn padà". Èyí tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Bí wọ́n bá ṣìnà, kí wọn tẹ Insert pẹ̀lú T, akàwé yóò sì sọ orúkọ ibi tí wọ́n wà. Bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n, kí wọn tẹ Insert pẹ̀lú 1: láti ìgbà náà, bọ́tìnì tí wọ́n bá tẹ̀ yóò kàn dárúkọ ara rẹ̀ ni, kò ní ba ohunkóhun jẹ́, títí wọn yóò fi tún tẹ méjèèjì. Narrator àti NVDA ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí Insert, Caps Lock ni a ń lò dípò rẹ̀. NVDA yóò béèrè èyí ní ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ohùn náà bá ń sáré, ẹ dín ìyára rẹ̀ kù. Bí ó bá sì jẹ́ ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ka Yorùbá, yóò pè é bí àjèjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọkọ̀ sọ̀. Ẹ má rò pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́.

Ìyá wa ọ̀wọ́n, iṣẹ́ tiyín kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro. Ẹ má wí pé, "Ẹ tẹ èyí". Ẹ dárúkọ bọ́tìnì náà. Ẹ má ṣí nǹkan wọn nípò lórí tábìlì. Ẹ dúró títí wọn yóò fi béèrè. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọkùnrin náà ti ń ka ìwé tirẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ rí. Nínú NVDA, Insert, Ctrl àti Escape lápapọ̀ ń mú kí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, kí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn má baà rí i kà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ẹ má bínú.

Ẹ̀gbọ́n wa tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kọ ìwé ìlà mẹ́ta sí ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àṣìṣe mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀. Kò jẹ́ kí a tún un ṣe, àwa náà kò sì tún un ṣe. Ọmọ náà ní òun kò tíì gba ìwé tí ó dùn mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹ gbé páálí náà fún bàbá, kí wọn fi ọwọ́ ara wọn tú u. Kí wọn sì kọ̀wé sí wa, àwọn fúnra wọn, nígbà tí ó bá yá. A ń retí rẹ̀.