Lápútọ́ọ̀pù tó ti dàgbà, tí kò rí Wi-Fi mọ́

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa bi ara wọn pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ lápútọ́ọ̀pù. Ẹ ní sùúrù fún mi. Lẹ́tà tó ń dé ọ̀dọ̀ mi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò kéré mọ́, wọn kì í sì í ṣe lẹ́tà eré. Bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè kọ̀wé pé òun fẹ́ẹ́ ṣe ètò I Am Alive, èyí tí àjọ PTAD gbé kalẹ̀ fún àwọn tó ń gbowó ìfẹ̀yìntì, tí èèyàn yóò fojú ara rẹ̀ han kámẹ́rà kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ṣì wà láyé. Fóònù bàbá yìí, èyí tó ń tẹ̀ ni, kò ní kámẹ́rà tó ṣe é lò. Lápútọ́ọ̀pù tí ọmọ rẹ̀ rà lọ́dún 2010 ló gbójú lé, ìyẹn náà sì ní òun ò rí Wi-Fi. Ìyá kan ní tirẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sánńdè lòun fi ń rí ọmọ òun tó wà ní ìlú òyìnbó lórí ẹ̀rọ náà, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí, ọmọ náà sì ti bímọ tuntun tí ìyá àgbà kò tíì rí sójú. Ẹni tó bá ti tọ́jú àgbàlagbà tó dá wà nínú ilé yóò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí a máa gba oorun lójú èèyàn, a sì máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè.

Kí n tètè dá bàbá lóhùn: ẹ má dúró de lápútọ́ọ̀pù náà. Ẹ lè fi fóònù ọmọ tàbí ẹbí tẹ́ ẹ fọkàn tán ṣe ètò yẹn, kí owó yín má baà dúró. Lẹ́yìn náà la ó wá máa tọ́jú aláìsàn wa.

Ní wọ́ọ̀dù, tí aláìsàn bá ní inú ń run òun, a kì í sáré gbé oògùn. A ó kọ́kọ́ bi í pé ibo gan-an ló ń dùn ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ká ṣe fún ẹ̀rọ yìí. Ẹ mú fóònù kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ so ó mọ́ Wi-Fi ilé yín, kẹ́ ẹ wò ó bóyá yóò ṣí nǹkan. Tí fóònù náà kò bá ṣí nǹkan kan, lápútọ́ọ̀pù kọ́ ló ń ṣàìsàn. Ó lè jẹ́ dátà ló tán. Láti ọdún 2023, *323# ni gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà ń lò fún wíwo iye dátà tó kù; tó bá jẹ́ ráútà tó ń lo síìmù lẹ ní, ẹ lè yọ síìmù náà sínú fóònù kẹ́ ẹ fi wò ó. Tí dátà bá wà, ẹ yọ wáyà iná ráútà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tó dá a padà. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ kan, ráútà a máa dà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun lójijì, tó ti lajú ṣùgbọ́n tí kò tíì mọ ibi tó wà.

Ká wá ní fóònù ń ṣiṣẹ́, lápútọ́ọ̀pù nìkan ló kọ̀. Ẹ tẹ àwòrán Wi-Fi tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, nítòsí aago. Ṣé kò sí orúkọ Wi-Fi kankan rárá, kódà ti aládùúgbò? Wi-Fi rẹ̀ lè kú ni. Ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù ayé ọdún 2005 sí 2010 ló ní ṣúwíìṣì kékeré kan níwájú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n fi ń tan Wi-Fi, tí wọ́n sì fi ń pa á. Ọmọ kékeré lè fọwọ́ gbá a, àpò tẹ́ ẹ kó o sí náà lè tì í. Ẹ fi ọwọ́ wá a, torí ojú àgbà kì í tètè rí i. Tí kò bá ní ṣúwíìṣì, ẹ wo àwọn bọ́tìnnì òkè, láti F1 dé F12. Ọ̀kan nínú wọn yóò ní àwòrán òpó kékeré tàbí ti bàálù. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Fn tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ èyí tó ní àwòrán náà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lára HP púpọ̀, iná kékeré kan wà tó máa ń pọ́n bí ọsàn tí Wi-Fi bá kú, tó sì máa ń di búlúù tàbí funfun tó bá jí. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun nítorí iná yìí.

Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ náà rí orúkọ Wi-Fi àwọn aládùúgbò, ṣùgbọ́n tiyín nìkan ni kò rí. Èyí ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí rédíò àtijọ́ tó jẹ́ MW nìkan ló ń gbé. Ẹ lè yí i títí di alẹ́, kò ní í gbé iléeṣẹ́ FM kankan, kì í sì í ṣe pé ó bàjẹ́. Wi-Fi náà rí bẹ́ẹ̀. Ìgbì méjì ló wọ́pọ̀ jù, 2.4 gigahertz àti 5 gigahertz. Ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù àtijọ́ jẹ́ pé 2.4 nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Tẹ́ ẹ bá wá ra ráútà tuntun, tàbí tí ọmọ yín tan hotspot fóònù rẹ̀ tuntun tó sì wà lórí 5, lápútọ́ọ̀pù yóò máa wò bí adití ni. Lórí fóònù Android, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò hotspot, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Band sí, kẹ́ ẹ yan 2.4. Lórí iPhone 12 àtàwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tan ohun tí wọ́n ń pè ní Maximize Compatibility. Tí ráútà bá ní orúkọ méjì, tí ọ̀kan parí sí 5G, ẹ mú èkejì. Ẹ jọ̀wọ́, 5G tó wà lára orúkọ yẹn kì í ṣe 5G tí àwọn oníléeṣẹ́ fóònù ń polówó o. Orúkọ ló jọra.

Ibòmíì, ẹ̀rọ náà á rí i, ṣùgbọ́n á ní pásíwọ́ọ̀dù kò tọ̀nà. Kẹ́ ẹ tó fẹ̀sùn kan ọmọ tó yí i padà, ẹ wo bọ́tìnnì NumLk. Lára àwọn lápútọ́ọ̀pù kéékèèké àtijọ́, tí èyí bá wà ní títàn, J yóò di 1, K yóò di 2, L yóò di 3, U yóò di 4. Ẹ̀ ń tẹ lẹ́tà, nọ́ńbà ló ń wọlé, ẹ kò sì lè rí i torí àmì roboto dúdú ló bò ó. Ẹ ṣí Notepad, ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù náà síbẹ̀ kẹ́ ẹ fojú rí i kó tó di pé ẹ tẹ̀ ẹ́ síbi Wi-Fi. Tó bá tọ̀nà tó sì tún kọ̀, ẹ ní kí ẹ̀rọ náà gbàgbé Wi-Fi yẹn, ìyẹn Forget, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ráútà tuntun tó bá wà lórí ìdáàbòbò WPA3 nìkan lè lé ẹ̀rọ àtijọ́ padà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín yí i sí WPA2.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan iṣẹ́ mi gan-an nìyí. Nígbà mìíràn Wi-Fi yóò wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ìwé tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ ṣí ni yóò máa sọ pé kò sí ààbò. Ẹ wo ọjọ́ àti ọdún lórí aago ẹ̀rọ náà. Tó bá ń sọ pé ọdún 2009 la wà, àìsàn rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ojú ìwé tó ní ààbò ló ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, ẹ̀rọ tí ọjọ́ tirẹ̀ kò bá tọ̀nà kò sì ní í gbà á. Ẹ tún ọjọ́ náà ṣe, yóò ṣí. Tó bá tún ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pa ẹ̀rọ náà, bátìrì kékeré tó ń bá a rántí ọjọ́ ló ti kú. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, CR2032 ni, ó rí pẹlẹbẹ bíi kọ́ìnsì. Kì í wọ́n, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yóò sì pààrọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ gba bátìrì àtijọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ o, kẹ́ ẹ sì má gbé e sórí tábìlì. Tí ọmọ kékeré bá gbé e mì, ó lè há sí ọ̀nà ọ̀fun, itọ́ yóò kàn án, iná tó kù nínú rẹ̀ yóò sì sọ itọ́ náà di ohun tó dà bí omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Láàárín wákàtí méjì péré, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ náà gidigidi. Èyí tí kò lè gbé ẹ̀rọ mọ́ pàápàá ṣì ní iná tó lè ṣe èyí. Ọmọ náà lè máa dà itọ́, kó máa wúkọ́, kó kọ oúnjẹ, ó sì lè má ṣe nǹkan kan tẹ́ ẹ ó fi mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fura, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má mú un bì, ẹ má fún un lóúnjẹ tàbí omi. Oyin gidi nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí. Tí ọmọ náà bá ti ju ọdún kan lọ, tó lè gbé nǹkan mì, tí kò sì tíì pé wákàtí 12 tó gbé bátìrì náà mì, ẹ fún un ní ṣíbí kékeré méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá lójú ọ̀nà, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ. Tí oyin kò bá sí nílé, ẹ má wá a kiri, ẹ máa lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ tọ́ oyin wò rárá. Bátìrì àtijọ́ náà, ẹ fi sẹ́lótéèpù we ojú rẹ̀ méjèèjì kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù.

Kò sí ohun tó lè tún àwọn ẹ̀rọ kan ṣe tán pátápátá. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows XP dúró ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n fi Windows 7 sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ó sì kan Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Chrome náà ti fi Windows 7 sílẹ̀ lọ́dún 2023. Èèyàn ṣì lè fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ka ìròyìn, ṣùgbọ́n èmi kò ní í fi ṣe ọ̀rọ̀ báńkì láéláé.

Tí ohun tó ń gbé Wi-Fi nínú ẹ̀rọ náà bá ti kú ní tòótọ́, ọ̀nà ṣì wà. Wáyà tẹ́ ẹ fi ń ṣáájì fóònù, ẹ ki ẹnu rẹ̀ kan bọ fóònù Android, kẹ́ ẹ ki èkejì bọ lápútọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ wá lọ sí ibi hotspot lórí fóònù náà, kẹ́ ẹ tan USB tethering. Íntánẹ́ẹ̀tì yóò gba inú wáyà wọlé. Tí fóònù bá wà lórí Wi-Fi ilé, ti ráútà ni yóò sábà máa jẹ, kì í ṣe dátà fóònù. Nǹkan kékeré kan tún wà lọ́jà tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ lápútọ́ọ̀pù, òun náà ń gbé Wi-Fi, owó rẹ̀ kò sì tó ti ẹ̀rọ tuntun. Ẹ sọ ọdún ẹ̀rọ yín fún ẹni tó ń tà á, kó má baà ta èyí tí kò bá a mu fún yín.

Tó bá jẹ́ pé ó ń wọlé tó ń já ni, ẹ gbé ráútà kúrò lẹ́yìn fíríìjì, kẹ́ ẹ sì gbé e jìnnà sí máíkíróweefù, nítorí orí ìgbì 2.4 kan náà ni ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì, kì í ṣe orí itan. Ooru rẹ̀ a máa sọ awọ itan di alámì dúdú tó bá pẹ́, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ nǹkan lára dáadáa, lè jóná láìmọ̀. Tí ìdí lápútọ́ọ̀pù bá sì ti wú, tí kò jókòó dáadáa lórí tábìlì mọ́, bátìrì ńlá inú rẹ̀ ló ń wú: ẹ pa á, ẹ yọ ṣáájà, ẹ má ṣe gún un, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Tí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé òun ti mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì yín bàjẹ́, pé kẹ́ ẹ jẹ́ kóun wọ inú ẹ̀rọ yín láti ibi tóun wà, ẹ pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Kò sí àtúnṣe Wi-Fi tó nílò BVN yín, tàbí nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo máa dáhùn lẹ́tà àwọn tó ń bèèrè nípa èéyi tó ń da àwọn ọmọ láàmú lásìkò ooru.