Kí A Tó Sanwó Ilé Ìtọ́jú Àgbà, Ẹ Jẹ́ Ká Tú Inú Ẹ̀ Wò

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kọ ọ́ sórí péèjì wa yìí pé ẹni tó bá gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, ó ti ta ìyá rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ yín ló ní òótọ́ ni. Mo kà á, n ò fèsì. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé èmi náà ti ta ìyá mi.

Kano ni wọ́n bí ìyá mi sí. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá tó bí i, iṣẹ́ réluwéè ló gbé e wá. Sábọ̀n Gàrí ni ìyá mi dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti ta kúnú, ibẹ̀ ló ti ta aṣọ, ibẹ̀ ló bí àwa márààrún sí. Hausa ẹnu ẹ̀ já geere ju Yorùbá ẹ̀ lọ. Nígbà tí bàbá wa kú, a gbé e lọ sin sí Ọ̀fà, màmá ò sì padà sí Kano mọ́. Ó lọ bá àbúrò mi obìnrin ní Ìbàdàn. Gbogbo wa ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ara á tù ú.

Ọdún kejì ló ṣubú nínú balùwẹ̀, egungun ìbàdí ẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, àmọ́ kò lè dá rìn mọ́. Kò pẹ́ tí iyè ẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó ń gbàgbé orúkọ wa, ó ń bèèrè bàbá wa tó ti kú. Báńkì ni àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́, aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń kúrò nílé, alẹ́ ló ń wọlé. Ọmọ ọ̀dọ̀ àkọ́kọ́ sá lọ. Èkejì ti màmá mọ́lé, ó lọ sọ́jà. Èmi wà ní Kano nídìí ṣádà, ẹ̀gbọ́n mi wà ní Port Harcourt, àwọn méjì yòókù wà lókè òkun. A forí korí lórí fóònù, a sì fẹnu kò pé ká wá ilé ìtọ́jú.

Mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba pé n ò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Mo mọ agbo ilé tí wọ́n ti ti àgbà mọ́ yàrá ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn gbé oúnjẹ fún un, tí wọ́n sì ń pè é ní ìtọ́jú nítorí pé ilé bàbá ẹ̀ ló wà. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yẹn ò sọ ilé tí òkété ti máa mu ún. Ohun tó sọ ni pé kí ó rí ọmú mu.

Ibi tí àwa ti ṣi í ṣe ni pé ojú la fi ra ọjà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Kantin Kwari, ẹ mọ̀ pé kò sí oníṣòwò gidi tó máa ra ṣádà nítorí ọ̀rá dídán tí wọ́n fi wé e. O máa tú u, o máa fà á wò, o máa gbé e síta sínú oòrùn, o máa ka yáàdì ẹ̀ fúnra ẹ. Èmi tí mo ti wà nídìí ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, mo fi ìyá mi sí ibì kan nítorí ilẹ̀ tó ń dán, tẹlifíṣọ̀n ńlá, jẹnẹrétọ̀, àti nọ́ọ̀sì aláṣọ funfun tó kúnlẹ̀ kí wa. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń fi fọ́tò ránṣẹ́: màmá nínú aṣọ mímọ́, màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì. Inú wa ń dùn.

Lọ́jọ́ kan, mo ní ọjà tí mo fẹ́ lọ wò ní Èkó, mo wá yà sí Ìbàdàn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ alẹ́ lù nígbà tí mo débẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀ pẹ̀lú àgbà mẹ́rìnlá. Òórùn ìtọ̀ ti pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo wọlé tọ màmá lọ, ètè ẹ̀ ti gbẹ, ohùn ẹ̀ ti há, ó ń pe ohun kan ṣoṣo: "Ruwa. Ruwa." Obìnrin yẹn kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ kú ọ̀nà sà. Ṣé ẹ̀yin ni Ruwa? Àtọ̀sán ni Màmá ti ń pè yín."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé òkè Ọya, n ò ní láti túmọ̀ ẹ̀ fún yín. Omi ni ìyá mi ń bèèrè.

Lẹ́yìn tó mu omi tán, mo ní kí wọ́n gbé ìwé tí wọ́n ń kọ ìtọ́jú ẹ̀ sí wá. Ẹni tí kò bá lè yí ara ẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ní bíi wákàtí méjì méjì ló yẹ kí wọ́n máa yí i, kí egbò má bàa dá sí i lára. Ìwé yẹn ní wọ́n yí i ní aago mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ, mẹ́wàá, àti méjìlá òru. Mo wo aago ọwọ́ mi, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Wọ́n ti kọ ti òru sílẹ̀ kí òru tó dé. Mo yí màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bá egbò níbi egungun ìdí ẹ̀, ó fẹ̀ tó ìdérí ìgò.

N ò bú obìnrin yẹn. Mo ṣe ìṣirò iṣẹ́ ẹ̀ lórí ìjókòó. Ká ní méje nínú àwọn mẹ́rìnlá ni kò lè yí ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú pámpá pípààrọ̀, wákàtí méjì ti kọjá kó tó kan ẹni ìkeje. Ọwọ́ ẹ̀ ló kọ irọ́ yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó fi òun nìkan síbẹ̀ ló kó o sí i. Kí n sì jẹ́wọ́ tèmi náà: lọ́jọ́ yẹn, a jẹ wọ́n ní owó oṣù méjì. Torí ẹ̀ ni ẹnu mi ò fi gbà á láti sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, kí ẹlòmíì má bàa fi ìyá tiẹ̀ kọ́ ọ.

Èkíní, alẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má sọ fún wọn. Ẹ ka iye àgbà, kẹ́ ẹ ka iye òṣìṣẹ́ tó máa sùn síbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ní ẹ ò lè wá àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ pè, ẹ máa lọ.

Èkejì, ẹ lo imú yín. Èèyàn lè ṣèṣẹ̀ tọ̀ sára, ìyẹn ò burú. Àmọ́ tí òórùn bá ti gba gbogbo ilé, tàbí tí wọ́n ń fi Izal bò ó mọ́lẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ara wọn. Ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́ ni egbò ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè má pọ́n kẹ́ ẹ rí i. Ẹ fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná tàbí ó le ju ibi yòókù lọ.

Ẹ̀kẹrin, omi. Òùngbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ àgbàlagbà mọ́, torí náà ẹni tí ò bá bèèrè omi náà gbọ́dọ̀ mu. Ṣé ife wà níbi tí ọwọ́ ẹ̀ lè tó? Tí iyè màmá bá ṣàdédé dàrú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má ní ọjọ́ orí ni. Ó lè jẹ́ àìmomi, ó lè jẹ́ àrùn inú ìtọ̀. Dókítà ni kẹ́ ẹ pè.

Ẹ̀karùn-ún, oògùn. Ẹ bèèrè orúkọ gbogbo ẹ̀ àti dókítà tó kọ ọ́. Tí bàbá tó máa ń tàkúrọ̀sọ bá wá ń sùn ṣáá láti ìgbà tó ti débẹ̀, ẹ wádìí ohun tí wọ́n ń fún un.

Ẹ̀kẹfà, èyí tó kan àwa tá à ń gbé lájò jù, ni èdè. Àwọn òbí wa tó lo ayé wọn lókè Ọya, tí iyè wọn bá ń lọ, ẹ ò mọ èdè tó máa kù sí wọn lẹ́nu. Mo kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí káàdì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì màmá: ruwa, omi, fitsari, ìtọ̀, yunwa, ebi, sanyi, òtútù, ciwo, ìrora, barci, oorun. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ó yẹ ká ti ṣe é lọ́jọ́ tá a gbé e débẹ̀.

Ẹnì kan máa ní, ìjọba ńkọ́? Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 16, sọ pé kí ìjọba rí sí ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àmọ́ apá tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú òfin yẹn, òfin kan náà ló ní ilé ẹjọ́ ò lè fi mú ìjọba. Ní 2017, wọ́n tún ṣòfin tó dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo lọ sọ́dọ̀ màmá, n ò tíì bá aṣojú ìjọba kankan níbẹ̀. Àwa ọmọ ni olùyẹ̀wò.

A ò gbé màmá kúrò níbẹ̀. A san gbèsè wa tán, àwa ìdílé mẹ́ta sì jọ lọ bá ọ̀gá ilé yẹn, a ní tí kò bá sí ẹni kejì lálẹ́, a máa kó àwọn òbí wa lọ. Ó gba ẹnì kan kún un. Egbò yẹn gbà tó oṣù mẹ́ta kó tó jiná. Àbúrò mi ń yà síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, lọ́jọ́ tí wọn ò retí ẹ̀. Obìnrin ọjọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀, òun náà ti ń bèèrè lọ́wọ́ màmá pé, "Màmá, ruwa?"

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní òbí níbi tí a ò lè dé lóṣooṣù, ọ̀nà jìn, ọ̀nà ò sì dáa. Àmọ́ àwọn èèyàn wa tó ti Kano padà sílé pọ̀ ní Ìbàdàn, ní Ọ̀fà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì gbọ́ Hausa. Àwọn kan náà wà tí wọ́n wà ní Èkó, tó jẹ́ pé Kano níbí ni bàbá wọn wà. Ẹ bá mi yẹ màmá mi wò, kí n bá yín yẹ bàbá yín wò. Kí àwọn alága ẹgbẹ́ wa kọ orúkọ sílẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ká pín in. Èmi ti ṣe tán fún Sábọ̀n Gàrí àti àyíká ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́, kó kọ ìlú tí òbí ẹ̀ wà sísàlẹ̀ níbí. Alẹ́ ni mo máa lọ, n ò sì ní pè wọ́n tẹ́lẹ̀.