Ta Ni Ó Di Òkúta?

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo jókòó ní ilé bàbá mi ní Òmù-Àrán, mo ń wo ètò àwàdà kan lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ètò náà kì í ṣe èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é lójú agbo ní Èkó ni àwa náà ń rí i. Eré kéékèèké mẹ́fà ni wọ́n tò tẹ̀ léra, tí orin ń bọ́ sáàárín wọn. N kò ní dárúkọ ètò náà, n kò sì ní dárúkọ báǹkì tó ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, nítorí pé ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò níhìn-ín kì í ṣe ẹjọ́ ẹnì kan. Àrùn tó ń ṣe wọ́n ń ṣe púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn.

Nínú eré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, méjì dára. Èyí tí tọkọtaya kan ti ń jiyàn lórí ẹni tí yóò dìde lóru lọ pa jẹnẹrétọ̀, ojúlówó àwàdà ni. Bí obìnrin náà ti ń dákẹ́ pa ni lẹ́rìn-ín ju gbogbo ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ lọ. Àwọn mẹ́ta kò gbóná, wọn kò tutù. Èyí tó kù ni ó mú mi kọ ìwé yìí.

Ọkùnrin kan wọ inú báǹkì. Wọ́n wọ̀ ọ́ ní bùbá tó ti ṣá, wọ́n fi okùn so bàtà rẹ̀. Ó la ẹnu, ó ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí á gbà pé èdè Ìgbómìnà ni. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, kò gbọ́. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù. Ó dorí rẹ̀ kodò. Wọ́n ní kó lọ jókòó, ó jókòó, kò sì dìde mọ́. Wọ́n pè é títí, kò mira. Níkẹyìn ni ọ̀gá báǹkì jáde, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó bi í pé ará ibo ni. Ó ní ará Èsìẹ́ lòun. Ọ̀gá kọjú sí àwọn òǹwòran, ó ní, “Abájọ! Òkúta ni wọ́n níbẹ̀!” Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, “Àjàní, ta ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín?” Mo ní, “Eré ni, Màmá, ẹ má dá wọn lóhùn.” Ó ní, “Mo mọ̀ pé eré ni. Ta ni wọ́n fi ń ṣe é?” (Bí ó ti sọ ọ́ gan-an kọ́ ni mo kọ yìí. Èdè Ìgbómìnà ni ó fi sọ ọ́. Èmi ni mo yí i padà sí Yorùbá ilé-ìwé, n ó sì padà sórí ẹ̀ṣẹ̀ náà láìpẹ́.)

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òkúta. Ẹni tó bá ti dé Èsìẹ́, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ láti Òmù-Àrán, yóò ti rí àwọn ère náà, bí ẹgbẹ̀rún kan, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, àwọn mìíràn mú idà lọ́wọ́, irun orí wọn ní ọ̀ṣọ́ tí oníṣọ̀nà òde òní yóò rí tí yóò dọ̀bálẹ̀. Ní 1933 ni H. G. Ramsay, tó ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, ròyìn wọn fún ayé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ìlú ti ń bọ wọ́n tipẹ́tipẹ́ kí ó tó dé. Ní 1945 ni a ṣí ilé-ìṣẹ̀m̀báyé tó wà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó gbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n ń sọ ní ìlú kò fara sin: àlejò ni àwọn ènìyàn náà. Àlejò ni wọ́n bá wá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti di òkúta. N kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé ará Èsìẹ́ ni ó di òkúta.

Ẹ wá wo bí àwàdà náà ìbá ti dùn tó, ká ní ẹni tó kọ ọ́ ti béèrè ìtàn. Àlejò wọ ilé onílé. Wọ́n ní kó jókòó, àwọn ń bọ̀. Ó jókòó títí ó fi di òkúta. Ta ni kò mọ ilé náà? Báǹkì ni! Ta ni nínú wa tí kò tíì jókòó síbẹ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, tí wọ́n ń sọ fún un pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́? Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 2023, nígbà tí owó náírà di àwátì, àwọn ènìyàn sùn sí ẹnu ọ̀nà báǹkì nítorí owó tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kó síbẹ̀. Àwa ni àlejò tó di òkúta. Àwàdà ńlá ti wà lọ́wọ́ àwọn aláwàdà yìí, ó kù kí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ibi tó yẹ. Ṣùgbọ́n báǹkì ni ó ń san owó eré. Nítorí náà wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí oníbàárà, wọ́n sì wá oníbàárà náà lọ sí ìlú tí wọ́n rò pé kò ní ẹni tí yóò fèsì.

Àwọn kan ń sọ ọ́ bí ẹni pé inú tẹlifíṣọ̀n àwọn Òyìnbó ni a ti kọ́ irú eré kéékèèké báyìí, pé kò yẹ kí á retí púpọ̀ lọ́wọ́ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Irọ́ gbáà ni. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán níṣẹ́ wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, ó jẹ́ àlejò Aláàfin Májòtú. Aláàfin ní kí àwọn eléégún onídán wá ṣeré fún un. Clapperton kọ ohun tó rí sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀. Ìṣe mẹ́ta ni. Àwọn tó wọ àpò ni wọ́n kọ́kọ́ jáde, wọ́n ń jó, wọ́n ń tàkìtì. Lẹ́yìn wọn ni òjòlá jáde, tí wọ́n sì mú un. Ìkẹta ni Òyìnbó. Ẹ̀dá funfun kan yọ, ó rù kan egungun, òtútù ń mú un. Ó ń fín aṣáà símú, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Àwọn òǹwòran kò jẹ́ kí Clapperton gbádùn. Wọ́n ń kọjú sí i, wọ́n ń rọ̀ ọ́ pé kó wò ó dáadáa, kó sọ bóyá kò dára. Ọkùnrin náà ṣe bí ẹni pé inú òun dùn tó tiwọn, ó sì jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé ẹni tó ṣe é mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àlejò ọba ni ẹni yìí o. Ẹni tó wọ ẹ̀kú náà ìbá lọ wá ará oko kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ kí inú àlejò lè dùn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àlejò gan-an ni ó mú, lójú rẹ̀, àti lójú ọba tó gbà á sílé.

N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni àwọn onídán. Wọ́n fi Tápà, Gàm̀bàrí àti ará Dàhòmì ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọ́n fi ọ̀mùtí àti abuké ṣe é pẹ̀lú, ti abuké kò sì wù mí títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú kò lè sá fún: ará ìlú wà lójú agbo. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń júbà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀fẹ̀ bá kọjá ààlà, wọn yóò sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ tó fẹ́ mú owó jáde yóò sì padà sápò. Ní Kétu àti àwọn ìlú tí wọ́n ti ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀ a máa jáde lóru, a máa kọrin bú oníwà burúkú, ìbáà ṣe olóyè. UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ogún iyebíye aráyé láti 2001. Bóyá àwọn tó ń ṣètò tẹlifíṣọ̀n wa yóò kà á kún nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé àjò ti kọ́kọ́ kà á kún.

Tẹlifíṣọ̀n wa pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ báyìí. WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn òṣèré tí ń rìn káàkiri fi gba ibẹ̀ wọlé. Nínú àwọn aláwàdà, ta ni a ó fi wé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, tó kú ní 2018? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ta ni ó fi ń ṣe ẹlẹ́yà? Ara rẹ̀ ni! Òun ni ahun, òun ni ọ̀dájú olówó tí owó rẹ̀ ń ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́, òun ni ó wọ jígí gbàǹgbà tí kò ní awò nínú, tó gbé aago ńlá kọ́ ọrùn. Ó gbé gbogbo àbùkù wa wọ̀ bí aṣọ, kò sì na ìka sí ará ìlú ẹlòmíràn. Lọ́dọ̀ rẹ̀ náà ni ọmọ Ìgbómìnà kan ti kọ́ṣẹ́, Adé Afọláyan ọmọ Agbámù, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love. Ògúndé ní tirẹ̀ gbé Yorùbá Ronú jáde ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Akíntọ́lá sì fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ títí di 1966. Ìyẹn kì í ṣe eré àwàdà, ṣùgbọ́n mo dárúkọ rẹ̀ kí á lè rántí iye tí ó máa ń náni láti kọ ojú eré sí alágbára. Ó wọ́n. Òkúta Èsìẹ́ ni kò wọ́n.

Alábàáṣiṣẹ́ mi kan gbọ́ àròyé yìí, ó ní àwa ọ̀mọ̀wé ti le jù. Ó ní ṣé Yorùbá kì í fi ìlú ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, ṣé n kò rí bí Ìjẹ̀bú òun Ìbàdàn ti ń ṣe? Mo rí i. Ẹ̀fẹ̀ tí Ìjẹ̀bú bá fi Ìbàdàn ṣe, Ìbàdàn yóò dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Èwo ni tẹlifíṣọ̀n tí ará Èsìẹ́ yóò fi dá tirẹ̀ padà?

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó kù, ibẹ̀ ni ó sì dùn mí jù. Mo tẹ́tí sí òṣèré náà dáadáa. Ó yá ọ̀rọ̀ méjì lọ́wọ́ Èkìtì, ó yá ohùn kan lọ́wọ́ Ìjẹ̀ṣà, ó fi imú sọ ìyókù. Kò sí ọ̀rọ̀ Ìgbómìnà kan ṣoṣo níbẹ̀. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ìlá Ọ̀ràngún kọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹni tó bá sì fẹ́ sín wa jẹ ní láti yan ibi tí òun fẹ́ sín jẹ. Onídán tó sín Òyìnbó jẹ ní 1826 ti wo ìrìn Òyìnbó. Ti ọkùnrin yìí, ó kàn yí ẹnu po ni, ó mọ̀ pé àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn kò ní yẹ̀ ẹ́ wò.

Ta ni ó kọ́ gbọ̀ngàn náà pé ẹnu yíyí po ni èdè tí kì í ṣe ti ilé-ìwé? Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní Yorùbá ní yunifásítì. Mo ti fi báírò pupa fàlà sídìí ọ̀rọ̀ Ìgbómìnà, ti Èkìtì àti ti Oǹdó nínú àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì ti kọ “àṣìṣe” sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo ní àwáwí. Láti ìgbà tí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ti gbé ìwé atúmọ̀ rẹ̀ jáde ní 1843, títí dé odindi Bíbélì ní 1884, títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, èdè Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbé Yorùbá àjùmọ̀lò kà, Yorùbá àjùmọ̀lò sì wúlò. Láìsí i, n kò lè kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n Crowther kò sọ pé àṣìṣe ni èyí tó kù. Àwa ni a sọ ọ́. Kò sì jọ mí lójú bí ọ̀kan nínú àwọn tó kọ eré báǹkì yẹn bá ti jókòó ní kíláàsì mi rí. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, “Níbo ni wọ́n ti ń sọ ọ́?” ni mo ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rò pé ọ̀nà tuntun tí mo fi ń bú wọn ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì eré náà, ariwo ẹ̀rín ni ó jí mi. Mo yọjú. Màmá wà láàárín àgbàlá, ó ti fi wẹ́rẹ́pẹ̀ṣẹ́ di ìrọ̀rí mọ́kùn, ó gbé ìgò òróró òfìfo létí bí ẹni ń fi fóònù sọ̀rọ̀, ó ń rìn síwá sẹ́yìn bí ọ̀gá báǹkì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni oníbàárà, ó jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Màmá ní kó dúró, òun ń bọ̀. Ó yí ilé po lẹ́ẹ̀kan, ó padà dé, ó tún ní kó dúró, òun ń bọ̀. Nígbà tó yípo lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ìka kan orí ọmọ náà kó-kó-kó, ó tẹ́tí, ó ní, “Ó ti di òkúta, ẹ gbé òmíràn wá!” Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé yàrá iwájú wà níbẹ̀, tòun ti táì rẹ̀ lọ́rùn, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Káńtà báǹkì kan ní ìlú ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, omi ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń bẹ Màmá pé kó jọ̀ọ́, kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.