Èkó sí Accra: Wákàtí kan tó sọnù sójú ọ̀run

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú láti Èkó sí Accra lè rò pé àṣìṣe ni wọ́n tẹ̀ sí i. Ọkọ̀ yóò gbéra ní aago mẹ́wàá àárọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ náà ni yóò sì balẹ̀. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Aago Gánà fi wákàtí kan kéré sí ti Nàìjíríà, nǹkan bíi wákàtí kan náà sì ni ọkọ̀ ń lò lókè.

Láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà sí ti Accra, bíi 400 kìlómítà ni lójú ọ̀run tààrà. Ọkọ̀ tó lè sá 800 kìlómítà ní wákàtí kan ì bá rìn ín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tó gòkè tán tí yóò tún fi máa sọ̀ kalẹ̀. Kò ráyè sá eré rẹ̀ pé. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ilẹ̀ yóò la ibodè mẹ́ta kọjá, odidi ọjọ́ kan sì lè lọ sí i. Ibodè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ni aago tirẹ̀ ti ń yí padà, nítorí aago Nàìjíríà ni Bẹ̀nẹ̀ ń lò, Tógò ń lo ti Gánà.

Ká wá ní ìyá àgbà kan ní Sùúrùlérè fẹ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Accra. Físà kò sí lára wàhálà rẹ̀: àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún un ní 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ aago mẹ́wàá má baà fi í sílẹ̀, ó yẹ kó ti wà ní pápákọ̀ ní aago méje. Pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, aago márùn-ún ni kó kúrò nílé. Tó bá balẹ̀, ìwé ìrìnnà ń dúró dè é, yẹ́lò káàdì ń dúró dè é, ẹrù ń bọ̀, takisí ń bọ̀. Tó bá wọlé ọmọ rẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán, aago kan ti lù l'Ékòó. Wákàtí mẹ́jọ nìyẹn, ẹyọ kan péré ló lò lókè. Bí ìsọmọlórúkọ bá jẹ́ aago mẹ́sàn-án, àfi kó ti lọ lánàá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, yóò ní ilẹ̀ Accra mà ń yára ṣú o, ní nǹkan bí aago mẹ́fà! Oòrùn ò mọ̀ sí i ní tirẹ̀: nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 péré ni oòrùn Accra fi ń wọ̀ lẹ́yìn ti Èkó. Aago la fi wákàtí kan pín.

Gbogbo aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ti ìlú tí pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan wà ni. Ìyá tó gbàgbé aago Èkó sọ́wọ́ ní Accra kàn máa tètè dé pápákọ̀ ni, á jókòó, á máa wo èrò. Ọmọ tó wá kí i l'Ékòó pẹ̀lú aago Gánà lọ́wọ́ ló wà nínú ewu: nígbà tí aago ọwọ́ rẹ̀ bá ń sọ pé aago méjì ọ̀sán ni, ọkọ̀ aago mẹ́ta ń gbéra lọ.

Kí ẹni tó máa lọ gbé ìyá ní Ìkẹjà náà gbọ́: ọkọ̀ tó bá kúrò ní Accra ní aago mẹ́ta, nǹkan bí aago márùn-ún ni yóò balẹ̀ l'Ékòó, kì í ṣe mẹ́rin.