Ẹ Jẹ́ Kí Ànàmọ́ Iléyá Jẹ́ Sísè

Iléyá ti dé tán, kálukú sì ń wá àgbò, ata àti òróró. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran. Ọ̀rọ̀ ànàmọ́ ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní òdùnkún, tí a máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, díndín ni wọ́n ń dín in. Ọ̀rá àgbò ti wà nínú àwo, a ó tún kó ànàmọ́ tó ti mu òróró yó lé e. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, a mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà tó ní àtọ̀gbẹ náà wà lórí ẹní, màmá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru wà níbẹ̀. Àwọn ilé kan á ní kí irú àgbà bẹ́ẹ̀ má fọwọ́ kan ànàmọ́ rárá nítorí pé ó dùn. Àwọn mìíràn á máa bù ú fún un láìníwọ̀n, wọ́n á ní kì í kúkú ṣe ṣúgà. Àwa kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Sítáàṣì inú ànàmọ́ a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ èyí tí a sè nínú omi kì í gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè kíákíá bí èyí tí a sun. Ní ti díndín, òróró ni ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ bu èyí tó tó ìkúùkù ọwọ́ kan fún alátọ̀gbẹ, kó má sì jẹ ìrẹsì tàbí iyán mọ́ ọn. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Ṣebí Ọlọ́hun ti kìlọ̀ àṣejù nínú jíjẹ àti mímu fún wa nínú Sūratul-Aʿrāf, āyà 31; ọjọ́ ọdún kò yọ wá sílẹ̀.

Bí ẹ bá rí èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bíi kárọ́ọ̀tì lọ́jà, òun ni kí ẹ rà. Ó ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, tó ń ṣe ojú láǹfààní. Onínú funfun kò ní in tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣa èyí tó le, tí kòkòrò kò lu. Ẹ fi kànìnkànìn fọ erùpẹ̀ ara rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sè é tèèpo tèèpo pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ títí ọ̀bẹ yóò fi wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bó o, ẹ gé e, ẹ da àlùbọ́sà, ata rodo àti tòmátì tí ẹ gé wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, kí ẹ fi ṣíbí epo pupa kan sí i. Epo díẹ̀ yìí ló ń jẹ́ kí ara lè gba èròjà fítámì náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣúgà sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù ni ọ̀bẹ. A ti kírun yídì dé, wọ́n ti dúńbú àgbò, ilé kún, ẹni tó ń fọ ṣàkì àti ìfun yóò sì fi ọwọ́ kan náà bó ànàmọ́ tó ti jinná. Àìsàn inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru lè ti ibẹ̀ wá. Ànàmọ́ tó ti jinná kò tún ní padà sórí iná tí yóò pa kòkòrò àìfojúrí náà. Ẹ yan ẹnì kan fún ànàmọ́, kó má dé ìdí ẹran tútù, kó ní ọ̀bẹ àti pákó tirẹ̀, kó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Bí àlejò kò bá tíì dé, ẹ jẹ́ kó wà nínú èèpo rẹ̀ lórí iná kékeré. Èyí tí ẹ ti gé kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 2 nílẹ̀. Níbi tí kò bá sí iná mànàmáná fún fíríìjì, ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán ni kí ẹ sè, kí ẹ tọ́jú ìyókù ní tútù síbi gbígbẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.