Ẹni Tí Ó Gbé Mọ́tò Rẹ̀ Sókè, Kí Ó Wọn Línkéèjì Rẹ̀

Ọdún tún ń bọ̀, olúkúlùkù sì ti ń ka owó ọkọ̀ tí yóò fi lọ sí ilé. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí wá mọ́tò tí yóò gbé wa àti ẹrù wa, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò yẹ kí a fi bò.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, pick-up ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ń ti Àbújá bọ̀ wá sí Kaduna pẹ̀lú ẹrù iṣu. Ènìyàn márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀, àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára wọn. Kòtò kan yọ lójú ọ̀nà, awakọ̀ yà fún un, mọ́tò náà sì fì sí ọ̀tún, ó fì sí òsì, bí ọkọ̀ ojú omi tí ìjì ń gbá, kí ó tó wọ inú koríko dúró. Ẹ̀mí kankan kò bọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n iṣu fọ́n ká sínú igbó.

Nígbà tí a wo abẹ́ mọ́tò náà, a rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Olówó rẹ̀ ti gbé e sókè ní íǹṣì méjì nítorí ọ̀nà tí kò dára. Mẹkáníìkì tí ó ṣe iṣẹ́ náà rí i pé línkéèjì kò tó mọ́, ó yọ méjèèjì sọnù, ó sì fi wáyà so irin stabilizer mọ́lẹ̀ kí ó má baà máa dún. Nígbà tí olówó mọ́tò béèrè, ó ní, "Kì í ṣe dandan." Nítorí "kì í ṣe dandan" yìí ni a ṣe mú bírò.

Àwa kì í ṣe mẹkáníìkì. Ọjà ni a ń tà, ìwé mẹ́fà ni a kà, ìwé ẹgbẹ́ ni a sì ń kọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ náà a lọ bá àwọn àgbà oníṣẹ́ ní Panteka, a jókòó, a béèrè, wọ́n sì mú wa wọ abẹ́ mọ́tò kí a fi ojú ara wa rí i.

Stabilizer ni irin gígùn kan tí ó gba abẹ́ mọ́tò láti ọ̀tún dé òsì, tí apá rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bí apá ẹni tí ó fẹ́ gbá ènìyàn mọ́ra. Búṣì méjì ni a fi dè é mọ́ ṣáásì. Línkéèjì ni irin kúkúrú tí ó so etí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ irin tí ó gbé táyà. Bí táyà méjèèjì bá jọ gun ibi gíga lẹ́ẹ̀kan náà, stabilizer kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ń yà ní kọ́nà, tí ara rẹ̀ fẹ́ dà sí apá kan, irin yìí a lọ́, agbára ìlọ́ rẹ̀ a sì fa mọ́tò padà kí ó má baà dà jù. Kì í ru ẹrù o. Sípíríǹgì ni í ru ẹrù. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí línkéèjì, stabilizer di irin lásán tí a ń gbé kiri.

Nígbà tí a bá gbé mọ́tò sókè, táyà wà nílẹ̀ níbi tí ó wà. Ṣáásì ni ó gòkè, stabilizer sì bá a lọ. Línkéèjì àtijọ́ kò gùn sí i. Yóò máa fa etí stabilizer wálẹ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò wọ́, bọ́ọ̀lù orí rẹ̀ yóò tètè jẹ, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ kó-kó-kó lábẹ́ mọ́tò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Mọ́tò tí ó ga sí i ń fẹ́ línkéèjì tí ó bá gíga rẹ̀ mu. Mọ́tò gíga sì tètè ń dà ju èyí tí ó rẹlẹ̀ lọ, nítorí náà ìgbà tí a gbé e sókè gan-an ni ó nílò stabilizer jù.

Báwo ni a ó ṣe yan èyí tí ó tọ́? Kí a kọ́kọ́ béèrè irú gbígbé tí a gbé e. Bí ó bá jẹ́ bọ́dì nìkan ni a fi nǹkan tì sókè lórí ṣáásì, línkéèjì àtijọ́ tó, nítorí ṣáásì kò kúrò níbi tí ó wà. Bí ó bá jẹ́ sípíríǹgì ni a gbé sókè, wíwọ̀n di dandan. Àwọn mìíràn a máa fi irin sọ stabilizer náà kalẹ̀ láti ibi tí a dè é mọ́ ṣáásì. Èyí náà dára, línkéèjì àtijọ́ sì lè tó fún un. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe ṣe méjèèjì pọ̀.

Kí a wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí gbogbo iṣẹ́ bá parí. Kí mọ́tò dúró lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ibi tí ó tẹ́jú, pẹ̀lú ìwọ̀n ẹrù tí ó máa ń gbé. Kí a tú línkéèjì, kí a gbé apá stabilizer títí yóò fi padà sí ibi tí ó wà kí a tó gbé mọ́tò sókè, kí a sì wọn láti àárín ihò òkè dé àárín ihò ìsàlẹ̀. Ìwọ̀n yẹn ni kí a mú lọ sí ọjà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Íǹṣì méjì ni mo gbé e, kí línkéèjì fi íǹṣì méjì gùn sí i." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ fún mọ́tò tí irin kan ṣoṣo so táyà rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí táyà kọ̀ọ̀kan bá dá dúró, tí línkéèjì sì di àárín lower arm mú, àfikún náà kì í tó bẹ́ẹ̀.

Bí a bá ti dè é, kí a fi jáàkì gbé mọ́tò títí táyà yóò fi rọ̀ wálẹ̀ pátápátá, kí a yí sítíárì dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí a sì wò ó bí línkéèjì bá kan rọ́bà bíréèkì tàbí táyà. Èyí tí ó ní bọ́ọ̀lù a máa gba ìwọ́ ju ti búṣì lọ, ṣùgbọ́n bí rọ́bà tí ó bo bọ́ọ̀lù náà bá ya, eruku ọyẹ́ ìlú wa yìí kì í jẹ́ kí ó pẹ́. Èyí tí ó ní búṣì rọ́bà kì í fẹ́ ìwọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n búṣì rẹ̀ rọrùn láti pààrọ̀. Nígbà tí táyà bá wà nílẹ̀ ni kí a fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Kí a pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, kí wọ́n gùn bákan náà. Kí irin rẹ̀ má ṣe tín-ín-rín ju ti àtijọ́ lọ. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà gé e kí ó sì fi irin lẹ̀ ẹ́ láti mú un gùn.

Àwọn kan yóò sọ pé lọ́rì àwọn bàbá wa kò ní stabilizer, wọ́n sì fi í gbé obì dé Òkè Ọya. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n lọ́rì wọ̀nyí kì í sáré bí pick-up òde òní. Àwọn mìíràn ní àwọn òyìnbó máa ń tú línkéèjì sílẹ̀. Òótọ́ ni pẹ̀lú: àwọn tí ń fi mọ́tò gun àpáta a máa tú u kí táyà lè rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọn a dè é padà kí wọ́n tó wọ títì. Ta ni nínú wa ń gun àpáta? Ọ̀nà Lọ́kọ́ja ni púpọ̀ nínú wa ń gbà lọ sí ilé nísinsin yìí, nítorí ìpayà ọ̀nà Birnin Gwari, pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀ àti ẹrù lórí.

Ìlú tí a wà yìí kì í ṣe ìlú tí kò mọ mọ́tò. Kaduna níbí ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot pọ̀ ní ọdún 1975. Kò sí ìdí tí a ó fi máa fi ojú wọn ohun tí a lè fi tépù wọ̀n.

Nítorí náà a fẹ́ kí ẹ̀ka wa fi ohùn sí nǹkan méjì ní ìpàdé tí ń bọ̀. Èkíní, kí ẹgbẹ́ má ṣe háyà mọ́tò kankan fún ìrìn àjò ilé tàbí fún òkú gbígbé láìjẹ́ pé ènìyàn méjì wo abẹ́ rẹ̀ tí línkéèjì rẹ̀ sì pé. Èkejì, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní pick-up gíga tí kò sì ní owó lọ́wọ́ lè yá owó línkéèjì nínú àpò ẹgbẹ́, kí ó sì san án díẹ̀díẹ̀. Bí mẹkáníìkì náà jẹ́ Yorùbá, bí ó jẹ́ Háúsá, bí ó jẹ́ Ìgbò, kí a bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ yìí kì í yẹ owó ìsìnkú. Bí òkú bá kú, a ń dáwó. Ǹjẹ́ kò sàn kí a dá owó línkéèjì méjì nígbà tí ènìyàn ṣì wà láàyè? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ jẹ́ kí a wo abẹ́ mọ́tò wa, kí àwọn tí ń retí wa ní ilé lè rí wa.